Fíìmù Onífàájì Tó Pín Àwọn Lámèyítọ́ sí Méjì

Ní oṣù kẹta ọdún 2019 ni fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan, The Beach Bum, jáde ní Amẹ́ríkà. Harmony Korine, tó ṣe Spring Breakers ní 2012, ló darí rẹ̀. Owó tó pa ní ilé sinimá kárí ayé kò pé mílíọ̀nù 5 dọ́là, ṣùgbọ́n ariwo tó dá sílẹ̀ láàárín àwọn lámèyítọ́ ju owó rẹ̀ lọ. Àwọn tó yìn ín fi díẹ̀ ju àwọn tó bẹnu àtẹ́ lù ú lọ.

Ta ni wọ́n ń jà lé lórí? Akéwì kan tó ń jẹ́ Moondog ni. Matthew McConaughey, tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní 2014, ló ṣe é. Ní gúúsù Florida ni Moondog ti ń mutí, tó ń fa igbó, tó sì ń fi owó ìyàwó rẹ̀, Minnie, jayé kiri. Nígbà tí Minnie kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ìwé ìpíngún rẹ̀ sọ pé ọkọ òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìpín tirẹ̀ àfi tó bá kọ ìwé rẹ̀ parí. Moondog kọ ọ́ parí lóòótọ́, ó gba ẹ̀bùn Pulitzer, ó ní kí wọ́n kó owó fún òun ní káàṣì, owó náà sì jóná lójú rẹ̀ lórí omi. Ẹ̀rín ló ń rín.

Àwọn tó fẹ́ràn fíìmù yìí ní ìdí. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, orí omi ni wọ́n ti máa ń parí rẹ̀, àfi bí ẹni pé ọtí ti pa kámẹ́rà pàápàá. Wọ́n ní ìtàn ọ̀mùtí tí kò parí sí ìrònúpìwàdà ṣọ̀wọ́n, àti pé Korine kò wá wàásù fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó kọ̀ ọ́ ní ìyà Moondog kì í jẹ Moondog. Ó tàbùkù ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n dárí jì í. Ó kó àwọn aláìnílé wọ ilé olówó ìyàwó rẹ̀, wọ́n ba ilé náà jẹ́, adájọ́ sì ní kó lọ gba ìtọ́jú dípò ẹ̀wọ̀n. Wọ́n béèrè bóyá aláwọ̀ dúdú lè rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà ní Florida. Ìbéèrè gidi nìyẹn.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, pàápàá nígbà tí Martin Lawrence bẹ́ sínú omi láti bá ẹja lámùsóò ṣeré, tó sì jẹ́ pé ẹja ekurá ló ń dúró dè é. Àmọ́ Moondog àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tún ja ọkùnrin aláàbọ̀ ara kan lólè, ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu mi. N kò gbà pé fíìmù yìí kò wàásù. Pulitzer tí wọ́n gbé fún Moondog ni ìwàásù náà: ẹni tó bá ti ní ẹ̀bùn, gbogbo gbèsè rẹ̀ ti san. Bí Korine bá fẹ́ ká jẹ́ kí Moondog máa ṣe fàájì rẹ̀ lọ láìdá a lẹ́jọ́, kí ló dé tó fi wá ẹ̀yẹ fún un? Ọkùnrin tí wọ́n jà lólè ńkọ́? Fíìmù náà kò tún bojú wẹ̀yìn wò ó.