Ta Ni Ó Ni Ajá Inú Iná?

Àwa ará Kàbà mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń di ohun tí kì í kú. "Òkun" ni a fi ń kí ara wa ní àárọ̀, ní ọ̀sán, níbi iṣẹ́ àti níbi ọ̀fọ̀. A kí i títí ó fi di orúkọ tí a ń pe Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ lápapọ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́, kò sì sí ẹni tí ó ń bèèrè. Irú èyí ni àwọn kan ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé àwòrán tí ó ti di míìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ẹni tí ó ni ín mọ́. N kò gbà fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀kan wò. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, KC Green, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, gbé àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan jáde nínú Gunshow, ọ̀wọ́ àwòrán tí ó ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú mẹ́fà ni ó ní. Ajá kan dé fìlà, ó jókòó ti tábìlì, ife kọfí wà níwájú rẹ̀, iná sì ń jó yàrá. Ajá ní kò séwu. Ó mu kọfí, iná ràn mọ́ ọn lápá, ó tún ní yóò dára, títí ojú rẹ̀ fi yọ́ dànù. Àwọn ènìyàn gé ojú méjì àkọ́kọ́, wọ́n da mẹ́rin yòókù nù. Èyí tí wọ́n gé náà ni ó ń kiri ayé títí di òní.

Kí ni ó mú un pẹ́? Gígé náà ni. Bí ajá bá kú, ìtàn ajá ni. Bí kò bá tíì kú, ìtàn tiwa ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kàwé de ìdánwò rí ara rẹ̀ níbẹ̀, òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò dé náà rí ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òwe ṣe ń ṣiṣẹ́: kì í ka ìtàn rẹ̀ tán, kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lè ráyè wọ inú rẹ̀.

Wọn á ní, "Ṣé o rí i? Òwe ni, ta ni ó ni òwe?" Èsì mi kò jìnnà. Àwọn tí ó dá òwe sílẹ̀ ti kú, a kò sì mọ orúkọ wọn. Síbẹ̀, ọmọdé tí ó bá pa òwe lójú àgbà á ní "tótó, ó ṣe bí òwe". Bí a bá ń júbà ẹni tí a kò mọ̀, àwáwí wo ni a ní lórí ẹni tí ó wà láàyè, tí a sì mọ orúkọ rẹ̀? Ní oṣù keje ọdún 2016, ẹgbẹ́ òṣèlú Republican fi ajá yìí ṣe yẹ̀yẹ́ àpéjọ àwọn alátakò wọn. Green sọ ní gbangba pé òun kò fẹ́ ẹ. Ní oṣù kẹjọ, ó ya òmíràn: ajá fò dìde, ó pa iná náà, ó sì ń bá ara rẹ̀ wí pé òun ti jẹ́ kí ó pẹ́ jù. Àwòrán yìí kò tàn tó ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ya ajá ti yí ohùn padà, ṣùgbọ́n a ti gé ohùn rẹ̀ kúrò lára àwòrán náà tipẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ohun tí ó bá gbajúmọ̀ gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ẹni tí ó dá a nù. Wálé Adénúgà dá ìwé ìròyìn Ikebe Super sílẹ̀ ní ọdún 1976. Papa Ajasco kúrò lórí ìwé, ó di fíìmù ní ọdún 1984, ó sì dé orí tẹlifíṣàn ní àwọn ọdún 1990. A ń fi orúkọ rẹ̀ pe ara wa ṣẹ̀fẹ̀, síbẹ̀ a mọ ẹni tí ó ni ín. Adénúgà fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé e kiri; ajá Green, àwa ni a ń gbé e. Ọrùn àwa tí a ń gbé e kiri ni ẹrù orúkọ náà wà.

N kò ní kí a má rẹ́rìn-ín, n kò sì ní kí a sanwó kí a tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Orúkọ kékeré tí ó wà ní igun àwòrán ni kí a má gé. Lọ́la, ọmọ Òkun kan lè ya tirẹ̀ lórí fóònù ní Kàbà níbí, kí ayé sì gbà á. Ojú wo ni a ó fi bèèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ayé, bí àwa náà bá ti ń gé tẹlòmíràn dànù?