Kí ni wọ́n ń sọ nípa mi?

Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, wọ́n pè mí sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè wa, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe àfihàn iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe. Wọ́n to tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n sì ta aṣọ funfun sára ògiri kíláàsì kan kí àwòrán lè hàn lórí rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ti ṣe ẹ̀rọ kékeré tí ń sọ iye omi tí ó kù nínú àgbá. Iná mọ̀nàmọ́ná lọ lẹ́ẹ̀mejì kí agogo mọ́kànlá tó lù, ẹni tí kò sì tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ sínú fóònù di ẹni tí ń fi ọwọ́ júwe ohun tí ojú kò rí. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Iṣẹ́ ọmọbìnrin kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọmọ náà, tí ó wà ní kíláàsì tí à ń pè ní première, kó orúkọ ewé jọ sínú fóònù. Bí o bá tẹ orúkọ ewé kan, àwòrán rẹ̀ yóò jáde, ohùn obìnrin àgbàlagbà kan yóò sì pe orúkọ náà bí a ti ń pè é ní Kétu, yóò sọ ohun tí à ń fi ewé náà ṣe. Ìyá-àgbà ọmọ náà ni ó ni ohùn. Ìyá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n fi í jókòó sí iwájú. Odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọmọ náà fi sọ èdè Faransé tí ó ń dán bí i dígí: base de données, interface, patrimoine immatériel. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ń mi orí. Nígbà tí ohùn ìyá jáde láti inú ẹ̀rọ, gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá yíjú sí mi.

“Olùkọ́, ọmọ mi, kí ni wọ́n ń sọ nípa mi?”

Mo ṣe ògbufọ̀ fún un ní ṣókí, ojú sì tì mí. Ilé-ẹ̀kọ́ Faransé ni ó tọ́ èmi náà dàgbà. Ní ìgbà èwe wa, ẹni tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní kíláàsì, wọn a so signal mọ́ ọn lọ́rùn, yóò sì gbé e kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí ó ṣẹ̀ bí i tirẹ̀. A kì í so ohunkóhun mọ́ ọmọ lọ́rùn mọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tèmi, síbẹ̀ ọmọ yìí kò tilẹ̀ rò ó pé òun lè sọ Yorùbá níwájú aṣọ funfun yẹn.

Àlejò kan láti ìhà Nàìjíríà gba fóònù náà, ó tẹ “ọ̀pẹ”. Fóònù ní kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pẹ wà nínú rẹ̀! Bí a ti ń kọ ọ́ ní Benin ni ọmọ náà ṣe kọ ọ́: “ɔ̀kpɛ”. Ojú ènìyàn a máa rí ọ̀rọ̀ kan náà. Lójú ẹ̀rọ, nọ́ńbà ni lẹ́tà. Nínú Unicode, U+0254 ni ɔ wa, U+1ECD sì ni ọ tí ìwé ìròyìn yìí ń lò. Kò sí ohun tí yóò sọ fún ẹ̀rọ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àfi kí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà kọ́ ọ. Ọmọ náà bi mí léèrè èwo ni kí òun yàn. Mo ní kí ó gba méjèèjì wọlé, kí ó fi èyí tí ó wù ú hàn.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún àsọyé rẹ̀ sọ, ní Yorùbá. Ó kọ́kọ́ kólòlò. Base de données di “àpótí tí mo kó orúkọ ewé sí, tí fóònù ń ṣí wò nígbà tí ẹ bá béèrè.” Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: àlàyé yìí yé èmi gan-an ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó ti ń fi àwòrán hàn lọ́kọ̀ọ̀kan ni ìyá dìde, ó súnmọ́ ògiri, ó na ọwọ́.

“Èyí kì í ṣe efinrin wẹ́wẹ́. Efinrin ńlá ni ẹ fi sí i.”

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ náà ti mú àwòrán náà. Efinrin kì í pa ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn ewé mìíràn wà nínú fóònù yẹn tí a kì í ṣì já. Ìyá tún rí àṣìṣe méjì. Nígbà tí wọ́n dé orí ewé kan báyìí, ó mi orí: “Inú yàrá ni mo ti sọ èyí fún ọ. N kò sọ ọ́ fún ọjà.” Ọmọ náà kò jiyàn. Ó pa á rẹ́ níṣojú gbogbo wa, ìgbìmọ̀ kò sì rí nǹkan kan sọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní kí ẹ má sọ Faransé. Òun ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkan ṣe iṣẹ́, ẹ ṣe àsọyé náà ní èdè tí yóò fi lè dá yín lẹ́kun.

Ẹ̀rọ omi inú àgbá ni ó gba ipò kìn-ín-ní. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ọmọbìnrin náà ń lọ jókòó ti ìyá-àgbà rẹ̀ báyìí, pẹ̀lú fóònù àti ewé tútù. Ó ku àwòrán mọ́kànlá tí ìyá kò tíì fọwọ́ sí.