Ẹ yé pè é ní ìbò tó ṣòfò

Ẹ̀yin èèyàn wa, ta ló ní ẹgbẹ́ tí ò wọlé ò wúlò? Lọ́dún 1846, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Mẹ́síkò jagun, David Wilmot dábàá nílé aṣòfin pé wọn ò gbọdọ̀ kó ẹrú dé ilẹ̀ yòówù tí wọ́n bá gbà níbẹ̀. Ilé aṣojú-ṣòfin gbà, àwọn sẹ́nétọ̀ ò gbà. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Free Soil sílẹ̀ lọ́dún 1848. Bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbò ni wọ́n rí, wọn ò mú ìpínlẹ̀ kankan.

Ká sòótọ́, kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ràn aláwọ̀ dúdú. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ wọn ń dù. Àbùkù ńlá nìyẹn jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kú. Ẹgbẹ́ Republican gbé e lọ́dún 1854, Lincoln fi wọlé lọ́dún 1860. Ogun abẹ́lé jà, nígbà tó fi máa di ìparí 1865, òfin ti fòpin sí oko ẹrú.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má fìbò yín ṣòfò, ẹ bi í pé: ṣé ó mọ ọdún tí irúgbìn yẹn máa hù ni?