Àsíá Wa Lọ́wọ́ Olè

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn mi, láti Bódìjà dé Challenge, mo mọ̀ pé owó lẹ máa ń retí bí lẹ́tà bá ti òkè òkun dé. Ẹ má bínú, ẹjọ́ ni mo fi eléyìí rò. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2026 ni àdéhùn àgbáyé lórí agbami òkun tí kò sí lábẹ́ ìjọba kankan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí mo sì ń gbọ́ láti ilé ni pé, "Ìbàdàn ò sí létí òkun, kí ló kàn wá?" Ẹ wo ọlọ́jà tó ń fi àdá la páálí ẹja Titus tí yìnyín ti sọ di òkúta ní Bódìjà: ṣé odò Ògùnpa ni wọ́n ti pa á? Ṣùgbọ́n ẹja kọ́ ló dùn mí jù. Orúkọ wa ni.

Ọkọ̀ apẹja kan wà tó ń jẹ́ Thunder. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2014, ẹgbẹ́ Sea Shepherd tó ń gbèjà ohun alààyè inú òkun ká a mọ́ agbami nítòsí Antarctica, níbi tó ti ń kó ẹja toothfish láìgbàṣẹ. Àsíá Nàìjíríà ló ta. LAGOS ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Àwọ̀n tó sá fi sílẹ̀ gùn tó kìlómítà 72. Ọjọ́ 110 ni wọ́n fi lé e, títí ó fi rì nítòsí São Tomé.

Ẹ ó ní kí ni ti àsíá níbẹ̀? Agbami ò ní ọlọ́pàá. Òfin òkun ọdún 1982, tí Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà ní 1986, sọ pé orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ bá ta àsíá rẹ̀ ló láṣẹ lórí rẹ̀, òun ló sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Àdéhùn tuntun náà ò ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ni àsíá yìí kan náà ló gbójú lé. Láti ìparí ọdún 2013 ni Interpol ti ń kéde Thunder, síbẹ̀ oṣù Kẹta 2015 la tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé wa. Ẹni gbépo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un.

Ẹ lè ní ọmọ Chile ni ọ̀gákọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó sì bí mi nínú nìyẹn, pé àlejò ló ń fi orúkọ wa jalè. Ẹ lè ní àwọn ọkọ̀ àjèjì ń jí ẹja tiwa náà kó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tó ni àsíá wọn la ó ké sí, ẹnu wo la ó sì fi ké?

Àwa tí a wà lókè òkun níhìn-ín mọ bó ṣe ń rí bí wọ́n bá yẹ ìwé ìrìnnà ẹni wò lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ìwà ẹlòmíràn. A ń bínú sí i. Síbẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ àsíá yìí, àwa náà dákẹ́, a ń fowó ránṣẹ́, a rò pé ó tó. Kò tó. Ẹ bá wa bi àwọn aṣòfin yín léèrè ìwé àwọn ọkọ̀ tó ń ta àsíá wa. Ẹni tó bá fẹ́ kọ LAGOS sí ìdí ọkọ̀, kó kọ́kọ́ wá sọ ọmọ ẹni tó jẹ́.