Ẹ Bi Màmá Lónìí

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbójú sókè wo ògiri pálọ̀ yín. Ta ló wà níbẹ̀? Bàbá àgbà wà níbẹ̀ nínú agbádá. Ìyá àgbà wà níbẹ̀. Bóyá ẹ̀gbọ́n tó joyè náà wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó wọṣọ sójà lọ sí Bọ́mà tí kò padà wálé ńkọ́? Kò sí.

Mo mọ ìdí tí kò fi sí. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Kò tíì gbéyàwó, kò sì bímọ. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ ló ń sìnkú òbí, ọmọ ló ń tẹ kàlẹ́ńdà ìrántí, ọmọ ló ń pe orúkọ baba títí ayé. Ẹni ogún ọdún tí ìbọn pa lókèèrè kò ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí i kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́, torí ó ń dùn ún. Ìyá náà ti lọ báyìí. Ó wá ku èmi àti ẹ̀yin.

Ogun Hítílà ni mò ń sọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ sí Dífíṣọ̀n 81 àti 82, wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé wọn lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ Bọ́mà lọ bá àwọn ará Jàpáàn jà. Ní 1944, àfonífojì odò Kaladan ni Dífíṣọ̀n 81 wà. Òkè àti igbó ni gbogbo rẹ̀. Mọ́tò kò rí ọ̀nà gbà, ni wọ́n bá fọwọ́ la ọ̀nà tó tó máìlì 75. Ẹrù wọn, orí ni wọ́n fi ń rù ú. Oúnjẹ wọn, bàálù ló ń jù ú sílẹ̀ látòkè.

Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀? Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó lọ wọṣẹ́ sójà l'Abẹ́òkúta ní 1942. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Lóṣù kẹta ọdún 1944, àwọn Jàpáàn já lù wọ́n létí odò Kaladan. Ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó bà á níkùn. Òun àti David Kagbo, ọmọ Sierra Leone, dùbúlẹ̀ sínú igbó, àwọn Mùsùlùmí abúlé kan sì ń bọ́ wọn, wọ́n ń fi wọ́n pamọ́, fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Fadoyebo padà wálé. Ó kọ ìtàn rẹ̀ síwèé, ó dàgbà, ó kú ní 2012. Torí pé ó kọ ọ́ la ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ta ló kọ tiwọn?

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí yín. Ẹ̀ ń gba iwájú bárékè Dodan kọjá n'Íkòyí. Ẹ̀ ń sọ fún onímọ́tò pé kó já yín sí bárékè Arakan l'Ápápá. N'Íbàdàn, bárékè Letmauk nìyẹn ní Mọ́kọ́lá. Bọ́mà ni gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn ti wá. Ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa kú sí, a ń pè é lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ ọ̀hún gan-an la ò pè.

Ó yá, iṣẹ́ dé.

Ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù lágboolé yín. Lónìí ni o. Ẹ má sún un di Sátidé, torí Sátidé òde ìnáwó kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ní 1944 ti ń lọ sí 90 báyìí. Ṣé ẹ rí ìdí tí mo fi ń kánjú? Ẹ má kàn bi wọ́n pé ṣé ẹnikẹ́ni jagun nílé yìí. “Rárá” ni wọn ó sọ, wọn ó sì padà sídìí oorun wọn. Ẹ bi wọ́n báyìí: “Màmá, ta ni wọn kì í fẹ́ ká dárúkọ rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà léwe? Ta ló lọ sí Bọ́mà? Ta ló bá ogun Bìáfírà lọ? Ta ló jọ nínú wa?” Ẹ jẹ́ kí wọ́n ki oríkì ẹni náà. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn. Bí omijé bá dé, ẹ jẹ́ kó dé.

Ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀, ti bàbá, ti ìyá, agboolé, ìlú, oríkì, ọdún tó kúrò nílé. Ẹ yẹ ẹ̀yìn fọ́tò àtijọ́ wò, àti inú Bíbélì tàbí Kùránì wọn. Nọ́ńbà sójà lè wà níbẹ̀. N àti A ló sábà máa ń ṣáájú tàwọn ọmọ Nàìjíríà.

Àjọ kan wà ní Ìlú Ọba tó ń tọ́jú ibojì àti orúkọ àwọn sójà wọ̀nyí, Commonwealth War Graves Commission. Láti 1917 ló ti wà. Orúkọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ ò ní sanwó. Ẹ fún ọmọ yín tó ń fi dátà wo ẹ̀fẹ̀ níṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ akọ̀wé sójà ni kò gbọ́ Yorùbá, ìlú ẹni ni wọ́n sì máa ń kọ sípò orúkọ bàbá nígbà mìíràn. Bó bá jẹ́ Òjó, tó wá láti Ìsẹ́yìn, ẹ wá “Ojo Iseyin”. Ẹ yí sípẹ́lì náà síwá sẹ́yìn.

Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ má jáwọ́. Ní 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé, nínú ogun 1914 sí 1918 nìkan, ó kéré tán 116,000 èèyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn ò kọ orúkọ wọn síbi ìrántí. Wọ́n tọrọ àforíjì. A gbọ́. Àmọ́ àforíjì kọ́ ni wọ́n ń gbẹ́ sára òkúta, orúkọ ni, ọ̀dọ̀ Màmá ló sì wà. Ẹ kọ̀wé sí wọn.

Ẹ má dúró sí Bọ́mà nìkan. Àwọn ọmọ wa tó jẹ́ sójà ń kú ní Borno báyìí. Ní January 15, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, wọ́n máa ń lẹ báàjì ìrántí àwọn sójà tó kú máyà. Ẹ ra báàjì náà, ó dáa. Ṣùgbọ́n báàjì kò lè bá ìyá ọmọ pọnmi. Ẹ̀yin lè bá a pọn ọ́n. Ẹ yà kí i. Ẹ dárúkọ ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ bá opó ọmọ náà gbé fáìlì dé ọ́fíìsì, kí òun nìkan má máa tò sórí ìlà.

Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù, ẹ ní òpópónà tí kò tíì lórúkọ ládùúgbò tuntun yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún fi orúkọ olóṣèlú tó ṣèlérí tiransífọ́mà sọ ọ́. Orúkọ sójà tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu Màmá ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Fóònù yín ti kú, iná ò sì sí. Agẹrun tó wà níwájú yẹn ní jẹnẹrétọ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín ṣáàjì rẹ̀. Kí Màmá tó jí lójú oorun ọ̀sán, á ti kún díẹ̀. Ẹ ra búrẹ́dì dání lọ.