Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣe Ọ̀gá Ṣọ́jà Sátẹ́láìtì: Màmá, Ẹ Má Ta Ilẹ̀ Yín!

 

Lẹ́tà kan wọlé láti Èjìgbò. Ìyá aláṣọ ló kọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ku ọdún kan kó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ní ọ̀gá ṣọ́jà tó ń darí sátẹ́láìtì lòun fẹ́ẹ́ ṣe. Bàbá rẹ̀ tó wà ní Àbíjàn ní kó máa bọ̀ wá ṣòwò. Ọkùnrin kan sì ti yọjú, ó ní bí màmá bá lè wá owó ńlá, òun á bá a fi ọmọ náà sílé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ṣọ́jà láìṣe ìdánwò. Màmá wá ní, ṣé kí òun ta ilẹ̀ òun?

Màmá, ẹ má tà á o! Ẹnikẹ́ni kì í ta ipò yẹn. Gbájúẹ̀ ni ọkùnrin yẹn.

Kí niṣẹ́ yìí gan-an? Kì í ṣe pé ṣọ́jà ń gun ojú ọ̀run lọ jagun. Sátẹ́láìtì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé lọ sókè réré, tó wá ń yí ayé po. Òmíràn ń ya àwòrán ilẹ̀, òmíràn ń gbé ọ̀rọ̀ àti tẹlifíṣàn kiri. Àwo tí ẹ ń rí lórí òrùlé, ọ̀dọ̀ irú èyí tó wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè ló ti ń gbà á.

Nàìjíríà ní tirẹ̀. NigeriaSat-1 gòkè láti Rọ́ṣíà ní September 2003. NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X tẹ̀ lé e ní August 2011, àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà ló sì kọ́ NigeriaSat-X ní ìlú ọba. NigComSat-1, tí àwọn ará Ṣáínà gbé gòkè ní May 2007, kú ní November 2008 nítorí pé ohun tó fi ń gba iná lára oòrùn bàjẹ́. Ẹ̀yin rẹwáyà, ẹ mọ̀ pé bí iná bá tán lára mọ́tò, ó dúró nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gun òkè lọ tún un ṣe? December 2011 ni wọ́n tó gbé arọ́pò rẹ̀ lọ.

Orí ilẹ̀ ni ọ̀gá ṣọ́jà iṣẹ́ yìí ń jókòó sí, níwájú kọ̀ǹpútà. Á máa yẹ àwòrán igbó tí àwọn agbébọn sá sí wò, á máa ṣọ́ ọkọ̀ ojú omi tó ń jí epo rọ̀bì, á sì rí i pé àwọn ṣọ́jà tó wà níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dé ń gbóhùn ara wọn. Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú ọ̀run sílẹ̀ lọ́tọ̀ ní December 2019. Ní tiwa, Defence Space Administration ní Àbújá ló ń ṣe é, àtinú ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti orí omi àti ti òfurufú ni wọ́n sì ti ń yan àwọn ọ̀gá ibẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ọ̀gá ṣọ́jà ná. Ọ̀nà kìíní ni NDA, ní Kàdúná, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964. Ọmọ á ní kírẹ́dítì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò á wà níbẹ̀, á ṣe JAMB, á ṣe ìdánwò NDA fúnra rẹ̀, wọn á sì yẹ ara rẹ̀ wò. Kò gbọdọ̀ tíì gbéyàwó. Bó bá wọlé, ìjọba ló ń bọ́ ọ. Láti 2011 ni wọ́n ti ń gba àwọn obìnrin náà síbẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ ogun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọmọbìnrin, ẹ gbọ́ o! Ọ̀nà kejì ni kó kọ́kọ́ gboyè ní yunifásítì nínú físíìsì, kọ̀ǹpútà tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà, kó tó lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀gá ṣọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ṣọ́jà kì í yan ibi tí wọ́n á rán an lọ. Ó lè pẹ́ ní Bọ̀nọ́, lójú ogun, kó tó fojú kan iyàrá sátẹ́láìtì, ó sì lè má débẹ̀ láéláé. Kí ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ sátẹ́láìtì gan-an ló wù ú, iṣẹ́ ṣọ́jà nìkan kọ́. Ilé-Ifẹ̀ tó wà nítòsí yín níbẹ̀, nínú ọgbà yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ojú òfurufú wà, tí àwọn tó ti gboyè ń wá láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà.

Bàbá Àbíjàn náà kò jẹ̀bi. Ta ni ò mọ̀ pé owó Àbíjàn kọ́lé sí Èjìgbò? Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún wọn pé Àbíjàn kò ní sá lọ. Ọjọ́ orí ọmọ ló ń sá lọ, torí NDA kì í gba ẹni tó bá ti dàgbà jù. Ẹ jẹ́ kó ṣèdánwò rẹ̀ ná. Bí kò bá bọ́ sí i, ọjà ṣì wà níbẹ̀.

Màmá, bí ọwọ́ yín bá ń yún yín láti náwó, ẹ fi díẹ̀ wá tíṣà tó mọ ìṣirò dáadáa fún un. Kí ilẹ̀ yín ṣì wà níbi tó wà.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.