Ẹ̀yin Ẹnjiníà Ọ̀nà, Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Wo Etí Títì

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde, ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe,

Bí ẹ bá bi àwọn awakọ̀ léèrè ọ̀nà tó wù wọ́n jù láti wà ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí wọ́n máa sọ kò ní jọ ohun tí ẹ máa ń kọ sí ojú pátákó. Kò sí ẹni tó máa ti orí iye kìlómítà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan á ní ọ̀nà báyìí kì í jẹ táyà. Òmíràn á ní bí òjò bá tilẹ̀ ń rọ̀ lóru, òun ṣì máa ń rí ìlà funfun tó wà lójú rẹ̀. Ẹlòmíì á ní òun kórìíra ti ibì kan, nítorí bí mọ́tò bá dákú síbẹ̀, kò sí ibi téèyàn lè yà sí. Èmi náà ní tèmi. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kì í jẹ́ kí n jókòó sójú kan, mo sì fẹ́ ka ti inú mi fún yín, kí ẹ lè mọ ibi tí mo ń lọ: àárín ọ̀nà lẹ ń fi gbogbo agbára kọ́, ẹ ń fi etí rẹ̀ sílẹ̀ fún àgbàrá, etí náà ló sì ń pa wá.

Kí ẹ má bàa sọ pé ìbáwí nìkan ló wà lẹ́nu mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó wù mí. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ṣe, ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Kò fẹ̀. Mọ́tò tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ló jọ ń pín in lò. Nígbà tó bàjẹ́, ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ Ìṣẹ́yìn á kúkú gba Ọ̀yọ́ yí po. Ní báyìí, téèyàn bá ti kúrò ní Mọ́níyà, tó kọjá Ìjàyè, oko ló máa rí lọ lọ́tùn-ún lósì, àti àwọn tó ń pàtẹ iṣu, àti ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ kọjá ẹnu, títí tí yóò fi kan ìlú àwọn aláṣọ òkè. Mo lè wa ọ̀nà yẹn láì tan rédíò. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú níbẹ̀ ni pé, ní ọ̀pọ̀ ibi, bí táyà bá sọ̀ kúrò lórí ọ̀dà, ilẹ̀ ló máa bá, kì í ṣe ihò. Omi òjò náà sì ní ibi tó ń gbà lọ.

Èkejì, ẹ má rẹ́rìn-ín, ni òkè Ẹ̀fọ̀n. Téèyàn bá yà ní Ìwàràjà lẹ́yìn Iléṣà, tó fi ọ̀nà Àkúrẹ́ sílẹ̀, gíá kejì ló máa fi gun ibẹ̀ bí ọkọ̀ rẹ̀ bá rù. Kọ́ọ̀nà lórí kọ́ọ̀nà, fèrè kì í sinmi, kùrukùru nígbà ọyẹ́, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Ọ̀dà ibẹ̀ kọ́ ló dán jù. Àmọ́ àwọn tó la ọ̀nà yẹn tẹ̀lé bí òkè ṣe rí, ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ kì í sì í gbà fún ẹnikẹ́ni láti sá eré àsápajúdé. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí awakọ̀ tírélà tó ń fi iná ṣẹ́jú fún ọkọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé ó yá, máa kọjá, kò sí ẹni tó ń bọ̀. Onítọ̀hún á na ọwọ́ síta, á dúpẹ́, á kọjá.

Ó kan àwọn tí n kò fẹ́ràn. Ọ̀nà Èkó sí Badagry wà lára wọn, pàápàá láti Agbára lọ dé Sẹ̀mẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró lọ́tùn-ún lósì, tí a ò ní tíì rin jìnnà sí àwọn ti ẹ̀yìn kí a tó bá àwọn ti iwájú. Ti àwọn aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá nìyẹn, mi ò ní dì í rù yín.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni tiyín. Ọ̀nà àtijọ́ yẹn ni mò ń wí, èyí tí tírélà tó ń ti Èkó lọ sí Ìlọrin àti òkè Ọya ti ń gbà láti ayébáyé, tí iṣẹ́ ọ̀nà tuntun tó yẹ kó gba ẹrù lórí rẹ̀ sì ti ń falẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ọ̀dà tí wọ́n ń tẹ́ lé orí ọ̀dà ti sọ ojú títì di gíga, àgbàrá sì ti gbá ilẹ̀ etí rẹ̀ lọ. Ní àwọn ibì kan, ó ku ẹnu ọ̀dà tó mú ṣáṣá, tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jìn tó àárín ojúgun àgbàlagbà. Tírélà kan á yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó fẹ́ ya tírélà ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti gba ojú ọ̀nà tìrẹ pátá. Kò sí ibi méjì tí o lè gbà. Táyà ọ̀tún méjèèjì á já sílẹ̀ gbì, abẹ́ ọkọ̀ á ha ọ̀dà. Tírélà kọjá. O wá fẹ́ padà sókè, o rọra yí sítíárìn sósì, táyà kò gùn ún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ha ara etí ọ̀dà, ó ń han gooro. O tún yí i sí i. O tún yí i sí i. Lójijì táyà á gun ẹnu ọ̀dà náà, gbogbo ìyí tí o ti yí sítíárìn á sì ju ọkọ̀ sí òdìkejì, síwájú ẹni tó ń bọ̀. Ìròyìn ọjọ́ kejì á ní eré àsápajúdé ló fà á.

Mi ò sọ pé awakọ̀ kò lẹ́bi. Nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń gba ẹ̀mí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀, Wọlé Ṣóyínká dìde sí i, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, kó tó di pé ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, tí wọ́n sì fi òun náà ṣe alága àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ribiribi ni. Láti ìgbà náà la ti ń mú awakọ̀: bẹ́líìtì rẹ dà, ìwé àṣẹ rẹ dà, táyà rẹ ti gbó. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló wá ń mú ọ̀nà? Wọ́n lè kọ ìwé ìtanràn táyà fún mi ní ìtòsí kòtò tó gbó táyà náà, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ nǹkan kan nípa kòtò.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ mọ̀ jù mí lọ pé títì kò ní ọ̀tá tó tó omi. Ọ̀dà á kọ́kọ́ sán, ojú sísán tíntín tí ọmọ ìka ò lè wọ̀. Òjò á gba ibẹ̀ wọlé. Yangí àti òkúta tó wà lábẹ́ á rọ̀, tírélà á tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ á jìn díẹ̀, omi á wá rí ibi dúró sí. Kí òjò mélòó kan tó tún rọ̀, ó ti di kòtò tí ń ṣẹ́ ṣọ́kì. Ẹni tó bá dí ojú sísán yẹn ní kékeré, tó sì kó pàǹtírí inú gọ́tà, kò ní náwó púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí gómìnà tàbí mínísítà tó ń pe àwọn oníròyìn wá wo gọ́tà tí wọ́n kó.

Ẹrù ni ọ̀rọ̀ kejì. Ìdánwò ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni àwọn ẹnjiníà káàkiri àgbáyé ṣì ń tọ́ka sí: bí ẹrù tó wà lórí ọ̀pá kan tó so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì bá di ìlọ́po méjì, ìyà tó fi ń jẹ títì á tó nǹkan bí ìlọ́po 16. Ẹ fi ìyẹn wo ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Éwékorò. Bí tírélà onísìmẹ́ńtì kan bá gbé ju òṣùwọ̀n lọ, ohun tó máa bà jẹ́ kí ó tó jáde ní Sango-Ọ̀tà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Kọ̀rọ́là ò lè bà á jẹ́. Síbẹ̀ èmi tí mo wà nínú Kọ̀rọ́là ni wọ́n ń rí dá dúró. Ẹ̀rọ ìwọ̀n tó yẹ kí tírélà gùn kó tó wọ títì ńkọ́? Ọ̀nà tí ẹ ò bá wọn ẹrù orí rẹ̀, kí lẹ fi ń ṣèlérí iye ọdún tó máa lò?

Mo tún ní ẹjọ́ kan lórí bí ẹ ṣe ń dí kòtò. Ní ọ̀nà kan tí mi ò ní dárúkọ, agbaṣẹ́ṣe kan tí mi ò ní dárúkọ òun náà kó ẹ̀rọ wá, wọ́n gé ojú àwọn kòtò ní onígun mẹ́rin, ó gún régé, ó wu ojú. Wọ́n wá kó ẹ̀rọ wọn, wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ihò onígun mẹ́rin ṣì ń bẹ níbẹ̀. Kòtò ti tẹ́lẹ̀ dagun, táyà lè yọ́ wọ̀ ọ́ kó sì yọ́ jáde. Èyí tí wọ́n gé ní ẹnu mímú lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òjò rọ̀, omi kún un dẹ́nu, ilẹ̀ ṣú. Kò sí dírọ́ọ̀mù, kò sí àsíá pupa. Ẹ̀ka igi tí àwọn ọmọ abúlé gún sínú rẹ̀ ló gbà wá. Àwọn ọmọ tó ń fi ṣọ́bìrì da yẹ̀pẹ̀ sí kòtò, tí wọ́n ń na fìlà sí wa kí a fi owó sí i, wọn ò lọ yunifásítì, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé kòtò tí a bá gbẹ́ ẹnu rẹ̀, à á dí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ óò ní, Èkó sí Ìbàdàn ńkọ́? Mo dúpẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ṣí ní 1978, tó ṣẹ́ kù díẹ̀ kó di ìtìjú, tí wọ́n gbé fún aládàáni ní 2009, tí wọ́n gbà á padà ní 2012, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 2013, ó ti dán báyìí, gálọ́ọ̀pù rẹ̀ ti dínkù, èèyàn sì lè gbádùn rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n ẹ dé Ògèrè lóru. Tírélà ti to etí títì, òmíràn gbé ìdí rẹ̀ sórí ọ̀nà láìsí iná kankan lẹ́yìn. Àwọn awakọ̀ wọn ti rìn jìnnà, oorun ń kùn wọ́n, ibi tí wọ́n lè sùn sí ni wọ́n ń wá. Ọ̀nà tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń gbà, ibi ìsinmi tírélà yẹ kó jẹ́ ara ọ̀nà gan-an, nínú ìwé iṣẹ́, nínú owó iṣẹ́, kì í ṣe nǹkan tí ẹ máa rántí lẹ́yìn tí ẹ bá ti kun ìlà tán. Ẹ tún rántí afárá Ọ̀tẹ́dọlá, lójú ọ̀nà yìí kan náà, ní oṣù kẹfà 2018, nígbà tí táńkà epo ṣubú, tí iná sì jó ọkọ̀ 54 pẹ̀lú àwọn èèyàn. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ àwọn ẹlòmíì, wọ́n máa ń la ẹsẹ̀ ọ̀nà kan tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ọkọ̀ tí búréèkì rẹ̀ bá já lè rí ibi sá wọ̀, kó rì, kó dúró. Kò sí ohun tó le níbẹ̀ tí ẹ ò lè ṣe.

Ní báyìí, ẹnu gbogbo èèyàn wà lára ọ̀nà etíkun láti Èkó dé Calabar, nǹkan bí kìlómítà 700, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2024, kọ́ńkéré ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Mi ò bá kọ́ńkéré jà. Ó le ju ọ̀dà lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí àgbàrá bá gbá ilẹ̀ abẹ́ etí kọ́ńkéré, òun náà á là, àtúnṣe rẹ̀ á sì le ju ti ọ̀dà lọ. Ọ̀rọ̀ etí náà la ṣì wà.

Àwọn àgbà tó mọ ayé P.W.D., iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde àtijọ́, ṣì ń sọ ọ́ fún wa: àwọn lébírà tó ní àgọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n pín ọ̀nà fún ní máìlì máìlì, àdá àti ṣọ́bìrì ni irinṣẹ́ wọn. Bí gọ́tà bá dí, wọ́n mọ ẹni tó ni ẹjọ́. Láti 2002 la ti ní FERMA, àjọ tó ń tún ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà ẹni tó ni gọ́tà iwájú ilé rẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ. Ẹ kọ orúkọ iléeṣẹ́ àti nọ́ńbà fóònù sí ẹ̀bá ọ̀nà, kìlómítà sí kìlómítà, kí a mọ ẹni tí a máa pè. Ẹ mú owó díẹ̀ nínú owó agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́ títí òjò ọdún méjì fi máa rọ̀ sórí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì máa dá tóògéètì tí ìjọba Ọbásanjọ́ wó padà, bí a ṣe ń gbọ́ ọ yìí, kí owó ọ̀nà kan má kúrò lórí ọ̀nà náà kí gọ́tà rẹ̀ tó mọ́. Kí ẹni tó máa gé rẹ́bọ́ọ̀nù sì kọ́kọ́ wa ọ̀nà náà lóru, nígbà òjò, láìsí síréènì níwájú, kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló di sítíárìn mú.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò béèrè ayẹyẹ lọ́wọ́ yín. Yangí, òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ ni etí rẹ̀ nílò, kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.

Èmi ni tiyín,
Awakọ̀ kan láti Ìbàdàn